Ọdún tí Ìyá Àgbà Ń Ṣọ́ Ìwọ̀ Oòrùn

Òru ló máa ń ba àwọn ọmọdé yòókù lẹ́rù. Ní tèmi, ní ọdún tí mò ń wí yìí, òwúrọ̀ ni. Mo lè dùbúlẹ̀ nínú òkùnkùn biribiri, kí eku máa sáré lórí àjà, kí òwìwí máa ké lórí igi ìyeyè ẹ̀yìnkùlé, kò kàn mí. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti gbọ́ tí àkùkọ kọ, tí ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò ń wú ikọ́ sínú ẹ̀rọ kó tó pèrun, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Mo mọ̀ pé Ìyá Àgbà ti dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nìyẹn. Màá gbọ́ tí orúnkún rẹ̀ dún, màá gbọ́ omi nínú bútà tó fi ń ṣàlùwàlá, lẹ́yìn náà ìlẹ̀kùn á han gooro, màá sì mọ̀ pé ó ti jáde lọ wo ibi tí oòrùn máa gbà yọ. Èmi náà á wọ́ aṣọ ìbora tẹ̀ lé e. Ẹ̀rù pé kí ayé parẹ́ kí n sì dá wà nínú yàrá ju ẹ̀rù pé kí n fojú ara mi rí i lọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọlé ná. Bẹ́yẹrúnkà, ní Ìbàdàn, ni agbo ilé wa wà, níbi tí àwọn òrùlé pánù tó ti dípẹtà fara ti ara wọn bí àgùntàn tí òjò ń pa. Tí èèyàn bá dúró láàárín agbo ilé tó gbójú sókè, yóò rí gbọ̀ngàn Mápó lórí òkè rẹ̀ pẹ̀lú àwọn òpó rẹ̀ ńláńlá, bí àgbà tó jókòó tó ń wo gbogbo wa níran. Ẹ̀kọ ni ilé wa ń ṣe. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló gbé iṣẹ́ náà wọlé. Ìyá mi bá a lọ́wọ́ sí i. Èmi Rábì ni mo ń nu ewé. Kò sí ìgbà tí ilé náà kì í dún. Omi ògì ń kán láti inú asẹ́ sínú báàfù, orógùn ń họ ìdí ìkòkò, ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá mi ń sáré ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Òórùn omidùn ti wọ ara ògiri. Títí dòní, bí mo bá ń kọjá níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ ògì, ẹsẹ̀ mi á kọ́kọ́ dúró kí n tó mọ ìdí tó fi dúró. Ìyá Àgbà kì í pariwo. Gbólóhùn kan ló máa ń sọ fún wa tí ẹ̀kọ bá ń hó, "Ẹni tó ń ro ẹ̀kọ kì í jẹ́ ìpè," nítorí pé bí ọwọ́ bá kúrò lórí orógùn díẹ̀ báyìí, ẹ̀kọ ti di kókó nìyẹn.

Bùròdá Ṣàkírù, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ló mú ọ̀rọ̀ ojú ọ̀run wọ inú ilé yìí. Ó ti wà ní fọ́ọ̀mù tírì nígbà náà, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Tíṣà tuntun kan dé sí iléèwé wọn tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ oòrùn àti òṣùpá, gbogbo ohun tí tíṣà náà bá sì wí lọ́sàn-án, a óò gbọ́ ọ nírọ̀lẹ́ nídìí ìkòkò. Lọ́jọ́ kan, ó fa báàfù kan tí omi èérí ògì wà nínú rẹ̀ mọ́ra, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ń yí omi náà po, ó ń yí i po. Ó yọ ọwọ́. Omi náà ń dá yí lọ, èérí tó ti fọ́n káàkiri sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọra kó ara rẹ̀ jọ sáàárín.

"Ẹ wò ó," ló wí. "Bí ayé ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Kò sí oòrùn, kò sí ilẹ̀. Eruku àti èéfín tútù ló wà, ìkùukùu ńlá kan, ó ń yí. Èyí tó pọ̀ jù kó jọ sáàárín, ó fún ara rẹ̀ pọ̀ pọ̀ pọ̀ títí ó fi gbiná. Òun ni oòrùn. Èyí tó kù létí ń lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n ń di kókó. Ọ̀kan nínú kókó yẹn la tẹ̀ yìí."

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. "Kókó inú ẹ̀kọ! Ẹni tó ro ó kò mọ̀ ọ́n ro nìyẹn."

"Mú ẹnu rẹ kúrò níbẹ̀," ni Ìyá Àgbà wí fún un. Ó yíjú sí Ṣàkírù. "Ta ló wá ń yí i?"

"Wọ́n ní ó ń dá yí ni, Màmá."

"Kò sí ohun tó ń dá yí. Ọlọ́run ló ń yí i. Ohun tí mò ń bi ọ́ ni pé, bí nǹkan bá kàn án lójijì ńkọ́?"

Kí Ṣàkírù tó fèsì, òbúkọ kan tó ti ń yọ́ bọ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀ ki ẹnu bọ báàfù, ó ń mu ún. Ohun tó ti kó jọ sáàárín tú pátá. Wọ́n lé òbúkọ lọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ èmi kò rẹ́rìn-ín. Ojú inú báàfù yẹn ni mo ṣì ń wò. Mo ti rí i báyìí pé nǹkan kan lè yọ́ dé láti ẹ̀yìn ojú ọ̀run, nǹkan tí kò bínú sí wa, tí kò tilẹ̀ mọ̀ wá, tí òùngbẹ kàn ń gbẹ.

Ìyẹn nìkan ì bá mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n Ṣàkírù kò mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn ó tún ní, bí ìkòkò ẹ̀kọ wa tó tóbi jù bá jẹ́ oòrùn, hóró àgbàdo kan ṣoṣo ni ayé wa yìí, òpin àdúgbò lọ́hùn-ún la óò sì gbé e sí. Ó ní èyí tó tóbi jù nínú àwọn ayé yòókù kò ju ọsàn kan lọ, orí òkè Mápó ni yóò wà. Èyí tó gbẹ̀yìn, ó di Mọ́lété.

"Kí ló wà láàárín wọn?" ni mo bi í.

"Kò sí nǹkan."

"Kò sí nǹkan bíi ti báwo, Bùròdá? Kò sí ilé?"

"Rábì, mo ní kò sí nǹkan. Òfìfo."

Mo mọ ọ̀nà láti ilé wa dé Mọ́lété. Mo mọ̀ bí àwọn èèyàn ṣe ń tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Mo wá kó gbogbo wọn kúrò lọ́kàn mi, àwọn èèyàn, àwọn ṣọ́ọ̀bù, àwọn mọ́tò, mo pa gbogbo iná, ó wá ku hóró àgbàdo kan tó ń yí nínú òkùnkùn, àti ìyá mi lórí rẹ̀, àti bàbá mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, àti èmi. Lọ́jọ́ kejì, adìẹ kan ṣa hóró àgbàdo kan nílẹ̀ lójú mi, mo sì bú sẹ́kún. Ìyá mi ní ta ló nà mí. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní èèrà ló ta mí.

Lẹ́yìn ìrun Màgàríbì ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ náà wá bọ́ sọ́wọ́ Ìyá Àgbà. A wà lórí ẹní níta. Àgùàlà ti yọ níhà ìwọ̀ oòrùn, ó mọ́lẹ̀ roro, òṣùpá tín-ínrín kan sì wà lẹ́bàá rẹ̀. Ìyá Àgbà ń yí tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó wò wọ́n, ó pa òwe tí gbogbo wa ti mọ̀: "Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni."

"Kì í ṣe ajá rẹ̀ lóòótọ́, Màmá," ni Ṣàkírù wí. "Kì í tilẹ̀ ṣe ìràwọ̀. Ayé ni, bíi tiwa yìí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó tiwa. Èérí inú báàfù kan náà ni wá. Òun kàn ń yí sẹ́yìn ni, kò yí bí tiwa ṣe ń yí. Lórí Àgùàlà, ìwọ̀ oòrùn ni oòrùn ti máa ń yọ."

Tẹ̀sùbáà dákẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Àgbà.

"Tún un wí."

"Mo ní ìwọ̀ oòrùn ni oòrùn ti máa ń yọ níbẹ̀. Ìlà oòrùn ló máa ń wọ̀ sí."

Ìyá Àgbà dìde, ó gbàgbé bàtà rẹ̀ sílẹ̀, ó wọlé lọ. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ ṣọ́nà.

Ẹni tí kò bá gbé ilé wa lè ní kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ọmọ iléèwé fi gbọn àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. Ohun kan ni pé ní ilé kéú, Ààfáà Bùsàrí ti kọ́ gbogbo wa pé ọjọ́ tí oòrùn bá yọ láti ìwọ̀ oòrùn, Àlùkìyáámọ̀ dé nìyẹn, wọn yóò sì ti ìlẹ̀kùn túúbá. Ẹni tí kò bá tíì tọrọ àforíjì kó tó di ọjọ́ náà, ó ti parí. Èyí tó le jù ni ti Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀. Ó ní àbúrò kan ṣoṣo tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, Mọ́líkì lorúkọ rẹ̀, Ìyá Ògùnpa làwa ọmọdé ń pè é nítorí ibẹ̀ ló ń gbé. Nígbà tí ìyá wọn kú nínú ilé wa yìí, lójú gbogbo àwọn tó wá sí fìdáù ọjọ́ kẹjọ, Ìyá Ògùnpa dìde, ó ní, "Ebi ló pa ìyá wa nínú ilé ẹlẹ́kọ." Irọ́ ni. Ọ̀fun ìyá arúgbó náà ni kò gba oúnjẹ mọ́. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ lé Kùránì tó wà níwájú àwọn ààfáà, ó ní, "Mọ́líkì, kí n fẹsẹ̀ mi tẹ ilé rẹ, kí n fọwọ́ mi bọ́ ọ, ó di ọjọ́ tí oòrùn bá yọ ní ìwọ̀ oòrùn. Bí mo bá ṣe é ṣáájú ọjọ́ náà, kí ìyá wa má jẹ́ kí n kú ikú ire." Wọn kò tún rí ara wọn sójú láti ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ ìrìn láti ilé wa dé Ògùnpa kò tó kí ẹ̀kọ gbígbóná tutù nínú igbá.

Ẹ wá wo ibi tó há sí. Bí ó bá lọ bá àbúrò rẹ̀ kí oòrùn tó yọ lódì, ìbúra pa á. Bí ó bá dúró di ìgbà tó bá yọ lódì, kò sí túúbá mọ́, ìjà ọmọ ìyá ni yóò gbé lọ bá Ọlọ́run. Ó ti wà láàárín méjèèjì yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún láìbìkítà, nítorí ọjọ́ tí oòrùn máa yọ lódì jìnnà sí i. Ṣàkírù ló wá sọ fún un pé ó ti ń ṣẹlẹ̀ nítòsí, lórí ayé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Lójú Ìyá Àgbà, bí iná bá ti ń jó ilé tó fara ti tìrẹ, kì í ṣe àkókò tí wọ́n ń béèrè bóyá iná wà.

Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í gbélé. Ìyá Àgbà sọ ọ́ fún oníbàárà kan tó wá ra ẹ̀kọ, oníbàárà gbé e dé Bẹẹrẹ, nígbà tó fi máa dé Ọjà'ba ó ti di pé wọ́n ti rí i tí oòrùn yọ lódì ní ìlú kan báyìí, àwọn ará ìlú náà ti di òkúta. Àwọn obìnrin ń pe ọmọ wọn wọlé láìtó àkókò. Ọkùnrin kan tó máa ń mutí ládùúgbò wa lọ gbá iwájú mọ́ṣáláṣí láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Bàbá mi mú igi ìwọ̀n aṣọ rẹ̀, ó nà án sí Ṣàkírù nímú: "Bí mo bá tún gbọ́ oòrùn lẹ́nu rẹ, iléèwé yẹn tán. Nídìí ẹ̀rọ yìí ni wàá ti máa ka bọ́tìnnì. Ṣó o ti yé ọ?" Ó ní ó ti yé òun. Mo rò pé ọjọ́ yẹn lẹ́rù kọ́kọ́ ba òun náà.

Ibi tí a wà nìyẹn nígbà tí Láṣísì, ọmọ Ìyá Ògùnpa, tó ń tún mọ́tò ṣe ní Mọ́lété, yọjú sí ẹnu ọ̀nà wa pẹ̀lú gírísì lápá. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà, kò tètè dìde.

"Màámi ò jẹun mọ́, Ìyá. Gbogbo ohun tí a bá gbé fún wọn, wọ́n á ní ó korò. Orúkọ yín ni wọ́n ń pè."

"Ṣé ó mọ ohun tó ń sọ?"

"Wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní bí ẹ ò bá lè wá, kí ẹ ṣáà rán ohùn sí wọn."

Ìyá Àgbà wo ọwọ́ ara rẹ̀, èyí tó gbé lé Kùránì. Ó ní kí ìyá mi bu ẹ̀kọ fún un kó mú lọ, ó tún yára ní rárá, kí wọ́n má bù ú, nítorí ọwọ́ òun ló ro ó, ó sì ti búra pé òun kò ní bọ́ ọ. Láṣísì lọ lọ́wọ́ òfo. Mo rí i tó dúró lẹ́yìn ògiri, tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, tí gírísì wá kùn ún lójú.

Wọ́n pe Ààfáà Bùsàrí. Ó jókòó sórí àpótí, ó fọkàn balẹ̀. "Ìyá, ìbúra tó já okùn ẹbí, Ọlọ́run kò fẹ́ kí ẹ dì í mú. Kàfárà wà fún un. Ẹ bọ́ àwọn aláìní, kí ẹ sì lọ bá àbúrò yín."

"Ààfáà, mo gbọ́. Ti Ọlọ́run tán. Ti ìyá mi ńkọ́? Mo pe òkú sí i. Ṣé kàfárà ń dé ọ̀dọ̀ òkú?"

"Òkú kì í mú èèyàn, Ìyá."

"Ẹ ti gbàgbé Sílífá nìyẹn?"

Gbogbo agbo ilé mọ ọ̀rọ̀ Sílífá, ìyàwó ilé kan tó fi òkú bàbá rẹ̀ búra pé òun kò ní wọ ilé orogún òun, tó wá wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ. Inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú kí oṣù náà tó parí, kò sì bímọ, kò sì rọ̀, títí wọ́n fi gbé e jáde. Lónìí tí èmi náà ti dàgbà, mo mọ orúkọ àìsàn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé yẹn, kò sí ẹni tó ń pè é ní àìsàn, èmi náà kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé n óò pè é bẹ́ẹ̀ ká ní mo dúró sí ibi tí Ìyá Àgbà dúró sí.

Òwúrọ̀ kan wá dé, tí mo bá rántí rẹ̀, ara mi ṣì máa ń tutù. Ọyẹ́ ti dé, kùrukùru bo gbogbo òrùlé. A wà níbi tí a máa ń dúró sí lẹ́yìn ilé ìdáná, Ìyá Àgbà kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, mo di ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ mú. Ìhà ìlà oòrùn ṣókùnkùn. Lójijì, níhà kejì, lápá Òkè Bọ́lá, ìmọ́lẹ̀ pupa kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ó kọ́kọ́ rí bí ojú ẹni tó ń sunkún. Ó wá ń gòkè, ó ń fẹ̀, kùrukùru gbogbo di àwọ̀ ẹ̀jẹ̀. Mo rò pé àkùkọ á kọ, kò kọ. Mo wojú Ìyá Àgbà kó lè sọ fún mi pé kì í ṣe oòrùn. Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ó wó lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ilẹ̀ mú bí ẹni tí ilẹ̀ fẹ́ jù nù. Kò ké pe Ọlọ́run. Kò ké pe ìyá rẹ̀. "Mọ́líkì!" ló ké. "Mọ́líkì! Mọ́líkì o!"

Igbe yẹn ló jí gbogbo ilé. Bàbá mi sáré jáde pẹ̀lú ṣòkòtò àwọ̀sùn. Ó gun orí àgbá omi, ó wo ọ̀hún. "Ààtàn ni," ló wí. "Wọ́n ń sun pàǹtírí. Màmá, ẹ wò ó, èéfín ni." Lóòótọ́ èéfín ni. Nígbà tó ṣe, oòrùn wá yọ sójú ibi tó ti máa ń yọ, ó funfun bí ojú ẹja, ó sì dà bíi pé kò mọ ohun tó fi ojú wa rí. Àmọ́ Ìyá Àgbà kò tíì dìde. Wọ́n fẹ́ gbé e, ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n bá òun pe Ṣàkírù.

Ṣàkírù dé, ó ń wo bàbá mi láti igun ojú.

"Sọ̀rọ̀," ni Ìyá Àgbà wí. "Kò sẹ́ni tí yóò nà ọ́. Oòrùn tó ń yọ ní Àgùàlà, ṣé òun náà ni tiwa yìí, àbí wọ́n ní tiwọn?"

"Ọ̀kan ṣoṣo ni, Màmá. Gbogbo wa là ń yí i ká."

"Èyí tó ń gbẹ ewé ẹ̀kọ mi yìí?"

"Òun náà ni."

"Ó sì ń yọ níbẹ̀ láti ìwọ̀ oòrùn. Kì í ṣe pé wọ́n ní yóò yọ."

"Ó ti ń yọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó tẹ Ìbàdàn dó. Kí ẹnikẹ́ni tó wà láyé."

Ìyá Àgbà gbójú sókè wo oòrùn. Mo lè gbọ́ bí eyín rẹ̀ ṣe ń gbá ara wọn nínú ọyẹ́. "Oòrùn ni mo dárúkọ lọ́jọ́ yẹn," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ó ti yọ níbi tí mo ní kó ti yọ. Ìlẹ̀kùn túúbá tiwa sì ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹ gbé mi dìde. Mò ń lọ sí Ògùnpa lónìí."

"Màmá," ni bàbá mi wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Bí kò bá wá rí bí ẹ ṣe rò ó ńkọ́? Bí inú bá wú?"

"Kó wú," ló wí. "Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí, n kò fẹ́ tún rí i kí n máa ké orúkọ ẹni tí n kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Fúnra rẹ̀ ló ro ẹ̀kọ ọjọ́ náà. Ó pọ́n díẹ̀ sínú ewé, ó gbé e lé mi lórí, ó fi ìborùn bo orí, a jáde nígbà tí ọjọ́ ti rọ̀. A gba Bẹẹrẹ kọjá, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ sí Ògùnpa. Àwọn èèyàn ń kí i, kò dáhùn. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó máa dúró, ó máa gbé ọwọ́ lé inú rẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan, a ó sì tún máa lọ. Mo ti ń wo inú yẹn láti ilé. Mo ń ronú pé bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú lójú ọ̀nà, kí ni n ó ṣe, ta ni n ó pè. Mo tún ń rántí pé ilẹ̀ ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Ilé Ìyá Ògùnpa sún mọ́ odò, ògiri rẹ̀ ṣì ní àmì ibi tí omi dé ní òjò tó kọjá. Láṣísì rí wa, ó káwọ́ lérí. Ìyá Àgbà dúró sẹ́nu ìloro yàrá. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ó dá a padà. Ó tún gbé e. "Bísímíláì," ló wí, ó di ojú méjèèjì, ó tẹ inú ilé náà.

Ìyá arúgbó tó wà lórí ẹní yíjú. Ó ti gbẹ, ojú nìkan ló kù. Ojú náà wo Ìyá Àgbà, ó là gbàǹgbà, igbe tó tẹ̀ lé e kò jọ ti ẹni tí kò jẹun.

"Yéè! Láṣísì! Ó ti yọ! Oòrùn ti yọ lódì! Ẹ gbé mi jáde, mo kú o, n ò tíì túúbá!"

Obìnrin kan ju agbada dídín àkàrà nù ní ìta, mo gbọ́ ẹlòmíràn tó ń sáré lọ wo ojú sánmà.

"Mọ́líkì, dákẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀mí yín ni? Ṣé ẹ ti kú ni?"

"N kò kú."

"Kí lẹ wá ń wá nínú ilé mi? Àbí kò tíì yọ?"

"Ó ti yọ."

"Níbo?"

"Ní Àgùàlà."

Ìyá Ògùnpa wò ó. "Ajá òṣùpá?"

"Wọ́n ní kì í ṣe ajá. Wọ́n ní ayé kan ni. Tíṣà Ṣàkírù ló sọ ọ́."

"Ta ló ń gbé ibẹ̀?"

"Kò sẹ́ni. Wọ́n ní ibẹ̀ gbóná bí iná."

"Kò sẹ́ni níbẹ̀." Ó ń mí gúlegúle. "Ta ló wá fojú rí i tó yọ?"

Mo rò pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìyá Àgbà dúró láàárín yàrá, apá rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, ó wá kéré lójú mi lójijì, bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ibi tí kò yẹ kó wà. "Mọ́líkì," ló wí, "ṣé o fẹ́ kí n padà ni?"

"Ẹ má padà."

"Ṣó o gbà pé ó yọ?"

"Ó yọ," ni Ìyá Ògùnpa wí kíá. "Ó yọ. Mo gbà. Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ fìdáù..."

"Jẹun ná."

Mo sọ ẹ̀kọ kalẹ̀. Ìyá Àgbà tú ewé, ó gé díẹ̀, ó nà án lọ síbi ẹnu àbúrò rẹ̀. Ìyá Ògùnpa gbé ọwọ́ gbígbẹ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó di ọrùn ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó fà á mọ́ra, ẹ̀kọ wọlé. Ó jẹ ẹ́. Ó gbé e mì. A ń wo ọ̀fun rẹ̀, Láṣísì, èmi, àti àwọn obìnrin tó ti kún ẹnu ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó mí títí ó fi sọ̀ kalẹ̀.

"Ṣé ẹ máa wá lọ́la?" ló bi í.

Ìyá Àgbà wo ẹnu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ti ń pupa bọ̀ lórí odò.

"Bí ilẹ̀ bá mọ́."

Ilẹ̀ mọ́. A padà lọ.